Phoebe, òṣùpá Saturn tó ń rìn lódìkejì: báwo ló ṣe débẹ̀ gan-an?

Tísà_ÒkèẸlẹ́rìn (Ògbómọ̀ṣọ́) kọ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ físíìsì dáadáa pọ̀ níbí. Ní March 2025 àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí òṣùpá tuntun 128 fún Saturn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tó ní wá di 274. Mo sọ ọ́ fáwọn ọmọ SS2 mi, ọ̀kan nínú wọn ní, "Sà, ṣé Saturn ló bí gbogbo wọn?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, torí ohun táwọn sáyẹ́ńtíìsì fúnra wọn ń wá kiri náà nìyẹn.

Òun kọ́ ló bí gbogbo wọn. Àwọn tó bí ń gbé nítòsí ẹ̀, àwọn bíi Titan, Rhea, Enceladus, Mimas. Nígbà tí Saturn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀, gáàsì àti eruku ń yí i po, inú ẹ̀ làwọn wọ̀nyí ti kóra jọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń lọ síbi tí Saturn fúnra ẹ̀ ń yí sí, tí ọ̀nà wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òrùka ẹ̀ dọ́gba. Àmọ́ ẹ wá wo Phoebe. Kò tóbi, kìlómítà 213 ni fífẹ̀ ẹ̀, tí ẹ bá fa ìlà gbọọrọ lórí máàpù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ó jìnnà sí Saturn tó mílíọ̀nù 13 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ òṣùpá tiwa yìí kò ju 384,400 lọ sí ayé. Ọjọ́ 16 ni Titan fi ń yí Saturn ká, Phoebe ń lo 550, ọdún kan àtààbọ̀ nìyẹn. Gbogbo ìyẹn ṣì yé èèyàn. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni pé ojú ọ̀nà tí gbogbo àwọn tí Saturn bí ń gbà lọ, Phoebe ń gba òdìkejì ẹ̀ bọ̀.

Inú gáàsì tó ń yí síbì kan, nǹkan kan ò lè ti ibẹ̀ jáde kó máa yí síbòmíì. Ìyẹn ni wọ́n fi gbà pé ibòmíì ni Phoebe ti wá, pé Saturn mú un ni. Ìbéèrè mi wá ni pé báwo ló ṣe mú un? Àti pé kí ló tún wà tó fi hàn pé àlejò ni, yàtọ̀ sí ìrìn ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Tísà ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yẹn. Èmi fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí i ná. Nǹkan tí kò ju ibí sí Èkó lọ, tó wá wà lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saturn, ta ló rí i, ìgbà wo ló rí i, kí ló fi rí i?

Tísà_ÒkèẸlẹ́rìn kọ:

Màmá Ìbejì, fótò ni wọ́n fi rí i, òun sì ni òṣùpá àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi fótò rí. Gbogbo èyí tí wọ́n ti rí ṣáájú, èèyàn ló fi ojú ara ẹ̀ wò ó nínú télískóòpù. Láti 1848 tí wọ́n ti rí Hyperion, wọn ò rí òmíràn lára Saturn mọ́.

Iléèwé gíga Harvard ní ibùdó ìwòràwọ̀ kan ní Arequipa, lórílẹ̀-èdè Peru, níbi tí sánmà ti mọ́ tónítóní. Ní August 1898 ọ̀gbẹ́ni DeLisle Stewart ya fótò agbègbè Saturn sórí àwo gíláàsì níbẹ̀ fún òru mélòó kan tẹ̀léra, ó ń ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jọjọ náà lè ráyè wọlé. Wọ́n kó àwọn àwo náà lọ sí Amẹ́ríkà, William Pickering wá ń gbé ọ̀kan lé èkejì, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ kì í kúrò lójú kan láti òru kan sí èkejì, àmọ́ ààmì bíńtín kan wà tí kò dúró, tó ń bá Saturn lọ. Ó kéde ẹ̀ ní March 1899. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé orúkọ Stewart o, torí Pickering nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ló dúró sínú òtútù òkè Peru tó ń ṣọ́ kámẹ́rà.

Lẹ́yìn Phoebe, ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tún rí irú ẹ̀ lára Saturn. Ọdún 2000 ni Brett Gladman àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tó rí méjìlá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Akẹ̀san_Ọ̀yọ́ kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ọ̀yọ́ Aláàfin. Mo ní àríyànjiyàn díẹ̀ o. Ṣé torí pé nǹkan ń rìn lódìkejì ló fi jẹ́ pé ibòmíì ló ti wá? Kí ló dé tí kò lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Saturn náà ló wà látìbẹ̀rẹ̀, tí òkúta ńlá kan wá kọ lù ú tó yí i padà? Ẹ ò lè fi ìrìn ẹsẹ̀ nìkan mọ ìlú èèyàn.

UnderG_Ẹnjiníà (LAUTECH) kọ:

Bọ̀ọ̀dá Akẹ̀san, ìbéèrè gidi lẹ béèrè. Ẹ jẹ́ n mú un díẹ̀díẹ̀.

Phoebe ń rìn ní nǹkan bíi kìlómítà 1.7 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Kí ohun kan tó lè kọ lù ú débi tó máa fi dá a dúró, tó tún máa tì í padà sẹ́yìn pẹ̀lú irú eré yẹn, ó máa fọ́ ọ túútúú kó tó yí i padà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìrìn nìkan kọ́ ni wọ́n wò. Ọkọ̀ ojú sánmà tó ń jẹ́ Cassini, tó gbéra láyé ní October 1997, gba ẹ̀gbẹ́ Phoebe kọjá ní 11 June 2004, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó dé ọ̀dọ̀ Saturn. Wọ́n dìídì ṣètò ọjọ́ tó máa dé kó lè bọ́ sí ìgbà tí Phoebe wà lójú ọ̀nà, torí tó bá ti wọlé tán kò ní lè jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sún mọ́ ọn tó kìlómítà 2,068. Ṣáájú ìgbà yẹn, fótò tó dáa jù ni èyí tí Voyager 2 yà ní 1981 láti ibi tó ju mílíọ̀nù méjì kìlómítà lọ, kò sí ohun gidi kan téèyàn lè rí níbẹ̀.

Fótò Cassini wá dé, ẹ lọ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Kòtò lórí kòtò. Èyí tó tóbi jù ń jẹ́ Jason, ó fẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ìyẹn ju ìlà gbọọrọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn lọ díẹ̀. Ojú Phoebe dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ lára ògiri àwọn kòtò níbi tí ilẹ̀ ti ya, yìnyín funfun ń yọ jáde. Wọ́n rí yìnyín omi, wọ́n rí yìnyín carbon dioxide. Bí wọ́n ṣe mọ bí agbára òòfà ẹ̀ ṣe fa Cassini, wọ́n ṣírò bó ṣe wúwo, ó jẹ́ 1.64 tí omi bá jẹ́ 1. Àwọn òṣùpá kéékèèké tí Saturn bí, yìnyín ló pọ̀ jù nínú wọn, tẹ́ẹ bá kó wọn pọ̀ wọn ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Torrence Johnson àti Jonathan Lunine kọ ọ́ ní 2005 pé ìwọ̀n Phoebe bá ti àwọn bíi Pluto àti Triton, òṣùpá Neptune, mu, ìyẹn àwọn tó dá sílẹ̀ ní ìkángun lọ́hùn-ún tó jìnnà gan-an sí oòrùn.

Èyí tó wá tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti 2019. Roger Clark àti ẹgbẹ́ ẹ̀ padà sórí àkọsílẹ̀ Cassini, wọ́n wo háídírójìn inú omi Phoebe. Oríṣi háídírójìn kan wà tó wúwo, tí wọ́n ń pè ní deuterium, ó máa ń pọ̀ nínú yìnyín tó bá dá síbi tó tutù gan-an. Omi òrùka Saturn àti tàwọn òṣùpá tó bí jọra wọn. Ti Phoebe yàtọ̀ pátápátá, deuterium ẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì. Òkúta kan tó kọ lu nǹkan kò lè yí irú omi tó wà nínú ẹ̀ padà.

Akẹ̀san_Ọ̀yọ́ kọ:

Háà. Ti omi yẹn lágbára o. Mo gbà.

Tísà_ÒkèẸlẹ́rìn kọ:

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹnjiníà, ẹ wá bá wa mú ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, torí òun ló le jù lójú mi. Ẹ wo ọ̀kadà tó pa ẹ́ńjìnì lórí òkè, tó ń yọ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Eré tó kó jọ bó ṣe ń bọ̀ ló máa gbé e gun òkè òdìkejì, tí kò bá sẹ́ni tó tẹ búrékì kò lè dúró sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn bọ́ sọ́dọ̀ Saturn, agbára òòfà á fà á, eré ẹ̀ á máa pọ̀ sí i, á yí ẹ̀yìn Saturn, eré yẹn náà lá sì gbé e jáde lọ. Ta ló wá tẹ búrékì fún Phoebe?

UnderG_Ẹnjiníà (LAUTECH) kọ:

Ọ̀nà mẹ́ta làwọn onímọ̀ ti dá, Tísà, àríyànjiyàn ṣì wà lórí wọn.

Àkọ́kọ́ ni gáàsì. James Pollack, Joseph Burns àti Michael Tauber ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1979, pé nígbà tí plánẹ́ẹ̀tì ńlá ṣì kéré lọ́jọ́ orí, gáàsì tó bò ó fẹ̀ gan-an, nǹkan tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, gáàsì á fa eré ẹ̀ walẹ̀. Ó dáa, àmọ́ gáàsì yẹn kò ní fi í sílẹ̀, á máa fà á lọ títí á fi já sínú plánẹ́ẹ̀tì, àyàfi tí gáàsì bá tètè pòórá lásìkò. Ìṣòro mìíràn ni pé Uranus àti Neptune ò fi bẹ́ẹ̀ ní gáàsì, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ní irú òṣùpá báyìí.

Ìkejì, kí wọ́n jẹ́ méjì tó so mọ́ra wọn tó jọ ń bọ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ plánẹ́ẹ̀tì, ó já wọn, ọ̀kan gba gbogbo eré náà lọ, èkejì wá kù síbẹ̀. Craig Agnor àti Douglas Hamilton fi ṣàlàyé Triton, òṣùpá ńlá Neptune tóun náà ń rìn lódìkejì, ní 2006.

Ìkẹta lèmi fara mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn plánẹ́ẹ̀tì ńlá ò dúró síbi tí wọ́n wà báyìí látìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n ti ṣí kiri. David Nesvorný, David Vokrouhlický àti Alessandro Morbidelli ṣírò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní 2007, pé nígbà tí plánẹ́ẹ̀tì ńlá méjì bá gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, àìmọye òkúta yìnyín ló ń fò kiri láyìíká wọn, agbára òòfà plánẹ́ẹ̀tì kejì ló máa gba eré lọ́wọ́ òkúta náà. Búrékì nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò bìkítà bóyá gáàsì wà tàbí kò sí, Saturn, Uranus àti Neptune ló ṣiṣẹ́ fún, nígbà tó di 2014 wọ́n tún un ṣe fún Jupiter náà. Àti pé òkúta tí wọ́n bá mú báyìí lè máa lọ síbi tó wù ú, síwájú tàbí sẹ́yìn, bá a ṣe rí wọn gan-an nìyẹn.

Àfikún díẹ̀: àwọn tó ń rìn lódìkejì lè gbé níbi tó jìnnà gan-an láìjẹ́ pé oòrùn fà wọ́n lọ, ju àwọn tó ń rìn síwájú lọ. Àwọn tó bá wá gba òkè Saturn sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò sí wọn rárá, oòrùn máa ń fa ọ̀nà wọn gùn títí wọ́n á fi kọ lu nǹkan.

Abẹ̀kẹ́_Ìràwọ̀ (Ọ̀yọ́) kọ:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí ẹ ò dé ibi tó dùn jù, ẹ jẹ́ n ṣe é, torí ọ̀rọ̀ Phoebe àti Iapetus ló sọ mí di ẹni tó ń wo ìràwọ̀.

Ní 1671 Giovanni Domenico Cassini, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọkọ̀ yẹn, rí òṣùpá Saturn kan ní Paris, Iapetus. Nígbà tó bá wà ní ìwọ̀ oòrùn Saturn ó máa ń rí i, tó bá yí dé ìlà oòrùn á wá a tì. Ó tó 1705 kó tó rí i lápá ibẹ̀, télískóòpù tó dáa jù lọ ló sì fi rí i. Ó ti mọ̀ pé ojú kan Iapetus dúdú, èkejì funfun, pé ojú kan náà ló sì máa ń kọ síwájú bó ṣe ń rìn. Òótọ́ ni. Ojú tó kọ síwájú dúdú bí èédú, ẹ̀yìn ẹ̀ ń tàn yòò. Kí ló dé? Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí wọ́n tó rí ìdí ẹ̀.

Ẹ rántí pé Phoebe kéré. Agbára òòfà ẹ̀ ò lágbára, àpò ìrẹsì 50 kílò tí ẹ bá gbé débẹ̀ kò ní fa ọwọ́ yín ju bí gíráàmù 250 ṣe ń ṣe níbí. Ohun tó bá fò sókè ju mítà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó ti lọ nìyẹn, kò ní padà. Nítorí náà gbogbo ìgbà tí òkúta bá já lù ú, eruku máa ń fò jáde lọ sí sánmà. Ní 1974 Steven Soter ti dá a lábàá pé eruku Phoebe ló ń ba Iapetus lójú, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí eruku náà. Nígbà tó di October 2009, Anne Verbiscer, Michael Skrutskie àti Douglas Hamilton fi télískóòpù Spitzer, tó ń rí ooru dípò ìmọ́lẹ̀, rí òrùka ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 kìlómítà sí Saturn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé mílíọ̀nù 12 ó kéré tán. Òrùka tí gbogbo wa mọ̀ yẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Eruku Phoebe ni, òun náà ń rìn lódìkejì bíi Phoebe.

Eruku yẹn ń rọra sún mọ́ Saturn, Iapetus wá ń bọ̀ lójúkojú pẹ̀lú ẹ̀, iwájú ẹ̀ ló fi ń gbà á. John Spencer àti Tilmann Denk fi kún un ní 2010 pé ibi tó bá ti dúdú máa ń gba ooru oòrùn jù, Iapetus ń lo ọjọ́ 79 kó tó yí ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á pẹ́ lójú kan, yìnyín ibẹ̀ á di gáàsì lọ sí ibi tó tutù. Dúdú ń dúdú sí i, funfun ń funfun sí i. Àlejò kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Tísà_ÒkèẸlẹ́rìn kọ:

Abẹ̀kẹ́, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Èyí máa wọ àwọn ọmọ yẹn lára.

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Ẹ̀yin ọmọ yìí mà ka ìwé o, mo ń ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn ìbejì mi lálẹ́ yìí. Ṣé àwa náà lè rí Phoebe láti ibí? Ṣe bí wọ́n bá mú iná lọ sánmà wa máa ń dúdú dáadáa.

Abẹ̀kẹ́_Ìràwọ̀ (Ọ̀yọ́) kọ:

Màmá, Saturn fúnra ẹ̀ ẹ lè fojú lásán rí i, ó dà bí ìràwọ̀ tó pọ́n rúsúrúsú tí kì í ṣẹ́jú. Télískóòpù kékeré máa fi òrùka ẹ̀ hàn yín, ó tún máa fi Titan hàn bí ààmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ pe àwọn ìbejì síta kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ẹ dúró kí òjò dáwọ́ dúró kí ọyẹ́ tó gbé eruku dé, àárín méjèèjì yẹn ni sánmà máa ń dáa jù lágbègbè wa. Phoebe ní tiẹ̀, ojú ò lè tó o, ó gba télískóòpù ńlá tó ní kámẹ́rà. Kódà ká ní orí Saturn lẹ wà, ìràwọ̀ kékeré kan lásán ni ẹ̀ bá rí i sí, kò lè rí roboto bí òṣùpá tiwa.

Ajílétè_Dáre kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn 128 tuntun yẹn ńkọ́? Wọ́n ní òmíràn ò ju kìlómítà mélòó kan. Ṣé òkúta bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n kà mọ́ òṣùpá?

UnderG_Ẹnjiníà (LAUTECH) kọ:

Kò sí òfin kankan tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó báyìí, Dáre. Tí wọ́n bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà yí plánẹ́ẹ̀tì ká dájú, ó wọlé. Èmi sì rò pé àwọn kéékèèké yẹn ló yẹ ká wò jù. Edward Ashton tó wà ní Taiwan àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ló rí wọn pẹ̀lú télískóòpù Canada-France-Hawaii ní Hawaii. Wọ́n ń ya ọ̀pọ̀ fótò lé ara wọn, wọ́n á sún fótò kọ̀ọ̀kan bí Saturn ṣe ń sún, kí ìmọ́lẹ̀ tí kò hàn nínú ọ̀kan lè kóra jọ. Ọgbọ́n Pickering náà ni, kọ̀ǹpútà ló kàn ń ṣe é báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rìn lódìkejì, wọ́n sì ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èyí fi hàn pé ńlá mélòó kan ni Saturn mú, wọ́n wá ń kọ lu ara wọn títí wọ́n fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ashton rò pé ọ̀wọ́ kan níbẹ̀ fọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò pẹ́ rárá nínú ọ̀rọ̀ sánmà.

Ẹ wo ti Jupiter náà. Scott Sheppard rí Valetudo níbẹ̀, wọ́n kéde ẹ̀ ní July 2018, kìlómítà kan péré ló tó. Ó ń rìn síwájú láàárín ọ̀pọ̀ tó ń rìn lódìkejì, ó ń gba ojú ọ̀nà wọn kọjá. Ọjọ́ kan á jọ́kan, òun àti ọ̀kan nínú wọn máa pàdé.

Akẹ̀san_Ọ̀yọ́ kọ:

Ṣé ẹnikẹ́ni máa padà lọ sọ́dọ̀ Phoebe báyìí?

Abẹ̀kẹ́_Ìràwọ̀ (Ọ̀yọ́) kọ:

Cassini ti wọ inú Saturn jóná ní 15 September 2017, kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ báyìí. Dragonfly tí NASA fẹ́ rán ní 2028, Titan ló ń lọ. Phoebe kò sí nínú ètò ẹ̀.

UnderG_Ẹnjiníà (LAUTECH) kọ:

Ó sì ń dùn mí gan-an. Ká ní èmi ni wọ́n bi, mo fẹ́ ọkọ̀ tó máa balẹ̀ síbẹ̀. Philae, ọkọ̀ kékeré tó balẹ̀ sórí kọ́mẹ́ẹ̀tì 67P ní November 2014, ta pọ́ún-pọ́ún kó tó dúró, agbára òòfà ibẹ̀ kéré jọjọ láti dì í mú, àmọ́ ti Phoebe pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, kò lè ta jáde. Kó balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri Jason níbi tí yìnyín funfun ti yọ, kó gbẹ́ díẹ̀, kó wọn deuterium inú ẹ̀ lójúkojú, kí wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn kọ́mẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ la ti máa mọ apá ibi tó ti wá gan-an.